Ẹja ń Bákàn, Tíṣà?

Mo júbà o. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, mo júbà ìyá tó ń gé òkú Èkó lórí tábìlì ní Òkè-Ọba ní Èrúwà, torí ọ̀rọ̀ òní yóò kàn án. Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ bá bá, kó fẹyín. Ẹni tí kò bá lè fẹyín, kó fọwọ́ bo ẹnu, a ó ṣe bí ẹni pé ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ bá lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Tíṣà ni. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé kẹrin. Àwọn náà ni wọ́n nà mí lẹ́gba mẹ́fà lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n dárúkọ òkun kan ṣoṣo nínú ayé, tí mo ní, "Òkun Ìbàdàn, sà." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ Èrúwà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì rìn kọjá Ìdó rí, ibo ló ti fẹ́ rí òkun? Ohun tó tóbi jù tí mo gbọ́ nípa ẹ̀ láyé nígbà náà ni Ìbàdàn. Mo rò ó pé bí òkun bá tóbi tó bí Tíṣà ṣe ń sọ, kò níbòmíì tí wọ́n lè rí i gbé sí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi di ẹgba mẹ́fà yẹn sínú. Lóṣù tó kọjá ni Olókun bá mi san án.

Ọmọ Tíṣà tó wà nílùú Ọba ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀pá oparun tí àwa ń so òwú mọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé o. Èyí tí òyìnbó fi ń dúró létí òkun pẹja ni, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, bí wọ́n bá sì tò ó pọ̀, ó kù díẹ̀ kó ga tó ilẹ̀kùn méjì tí a gbé léra. Ó ní kẹ̀kẹ́ kan tó ń ká okùn. Ó ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e tì. Iná orí bá a wá, bíi ti ọdẹ. Ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú kan náà bá a wá, èyí tí í mú èèyàn léfòó bí ọkọ̀ ojú omi bá dà nù.

Tíṣà to ọ̀pá náà pọ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ẹnì kan ní áńténà ni. Ẹlòmíì ní ọ̀pá ìkámáńgòrò ni, ó sì bèèrè bóyá wọ́n lè yá òun bí máńgòrò bá pọ́n. Ọdẹ kan wá láti Ìsàlẹ̀, kò tiẹ̀ wo ọ̀pá, iná orí ló ń dúnàádúrà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, Tíṣà gbé ọ̀pá lọ sórí àpáta lẹ́yìn ilé láti lọ fi ṣe ìdánrawò. Ẹ sì mọ ohun tí àwa fi àpáta ṣe ní Èrúwà: láfún la ń sá sí i. Tíṣà fi ọ̀pá lẹ́yìn, wọ́n fẹsẹ̀ kan síwájú bí ọmọ wọn ṣe júwe lórí fóònù, wọ́n jù ú. Òjé tó wà lórí okùn fò sókè, ó yí po, ó sì bọ́ sáàárín láfún ìyá kan, bùù! Ìyá yẹn jẹ́ ẹni tó mọ ìwà hù. Ó nu ojú ẹ̀ tó ti funfun, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí ẹja nínú ẹ̀?"

Ọmọ wọn ò dákẹ́ ẹ̀kọ́. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, torí bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ẹja ń sún mọ́ etí òkun wá jẹun. Ó ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá ìwọ̀ pẹja nínú odò gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró létí òkun, tó ń fi ọ̀pá pa tiẹ̀ jẹ, kò ní ìwé kankan í rà. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọkàn Tíṣà ti kúrò nínú odò. Ohun tí kò bá ti gba owó, Tíṣà fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn Ọlọ́run.

Ọmọ náà tún ní ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bass, pé bí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 42, òfin ní kí wọ́n dá a padà sómi.

Ìyàwó Tíṣà tó ń ṣan abọ́ lọ́wọ́ nàró. "Kí wọ́n dá kí ni padà?"

"Ẹja."

"Ẹja tí wọ́n ti pa?"

"Wọn ò tíì pa á, Mọ́mì. Wọ́n kàn mú un ni."

Màmá wo fóònù náà títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń jẹun dáadáa níbẹ̀?"

Ẹ̀mí mi ò gbé òkun. Mo ní, "Tíṣà, kí ló dé tí a ò ní ti Ọ̀pẹ̀kí bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀pìyà wà níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀. Àti pé odò Ògùn, tí à ń gorí afárá ẹ̀ bí a bá ń lọ Ìbàdàn, á gba Abẹ́òkúta, á gba Ìṣẹrì, á já sí ọ̀sà Èkó, ọ̀sà á sì gbé e lé òkun lọ́wọ́. Ẹ ju ìwọ̀ yín sí i níbí, ẹ padà wálé, omi á bá yín gbé e débẹ̀." Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ẹja odò ò mọ irú ọ̀pá báyìí.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé Titus tútù ni Tíṣà ń lọ mú. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ òkú Èkó, ẹja inú fíríìsà tó gan bí igi ìdáná, tí wọ́n ń fi àdá là. Àwọn àgbà wa ló sọ ọ́ lórúkọ: Èkó ló kú sí, òkú ẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá wa. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n wọ́n parọ́ mọ́ Èkó. Titus kì í gbé òkun Èkó. Òkun tútù tó wà lókè lọ́hùn-ún, lápá Nọ́wè àti Skọ́tíláńdì, ni wọ́n ti ń kó o, ibẹ̀ ni yìnyín ti dì í, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé e wá sí Àpápá. Èkó kàn bá wọn gba òkú ni. Mo ṣàlàyé èyí fún Tíṣà tinútẹ̀yìn. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ Òkun Ìbàdàn, mo bá rántí ìdí mi, mo dákẹ́.

Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni Tíṣà ti gbẹ́ ekòló, agolo mílíìkì méjì kún. Wọ́n di àmàlà láfún sínú ọ̀rá, torí wọ́n ní kò sí ohun tó lẹ́mìí tó máa tọ́ àmàlà Ìbàràpá wò tó máa padà. Wọ́n mú rúlà ìgbà tí wọ́n ń kọ́ni lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń gbá wa ní ìka. Nítorí 42.

Màíkírà la gbé. Ọ̀pá tó ṣeé tú sí mẹ́ta yẹn, Tíṣà ní kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ó gba ojú fèrèsé iwájú wọlé, ó gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jáde, èmi jókòó lábẹ́ ẹ̀ bí adìyẹ abẹ́ ọgbà. Nígbà tí a dé Ìgbò-Ọrà, Tíṣà ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ìgbò-Ọrà yìí náà ni, ìlú tí wọ́n ti ń bí ìbejì bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Àwọn oníṣègùn tó kà á sọ pé nínú ìbímọ 1,000, ìbejì á tó 45 sí 50. Àwọn fúnra wọn ní ìlasa tí àwọn ń jẹ ló fà á. (Àwa náà ń jẹ ìlasa ní Èrúwà, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń bí tiwa jù. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn àgbà Ìbàràpá Méje.) Tíṣà ra ìlasa ìdì kan. Mo ní kí la fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Tí ẹja bá jẹ ẹ́, ìwọ̀ kan á máa mú méjì."

A gba Abẹ́òkúta, Ìfọ̀, Ọ̀tà, Àtàn, Agbára. Ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, ẹ má jẹ́ ká kà á. Ní ọ̀kan nínú wọn, agbófinró kan yí ọkọ̀ wa po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" Tíṣà ní àwọn fẹ́ pẹja ni. Ó ní, "Láti ibo lẹ ti ń bọ̀?" Wọ́n ní Èrúwà. Ọkùnrin náà pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́, ẹnì kejì pe ẹ̀kẹta. Wọn ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àánú wa ṣe wọ́n.

Bí a ti ń wọ Àgbádárìgì, Tíṣà bi mí lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀. Mo ní 1845. Wọ́n yíjú wò mí, ó dùn wọ́n pé mo gbà á.

A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Láti etí ọ̀sà ni Tíṣà ti wọ ẹ̀wù pupa yẹn, wọn ò sì bọ́ ọ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, a óò rin orí iyanrìn láàárín igi àgbọn kí a tó gbúròó òkun. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà láyé àtijọ́, tí wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ òyìnbó, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Tíṣà ṣí fìlà, wọ́n fi ọwọ́ mú un títí a fi dé etí omi. Ìgbà tí a débẹ̀ ni wọ́n tó dé e padà, wọn ì bá mọ̀, wọn ì bá fi sápò.

Òkun nìyí o. Ó ń dìde bí ògiri, ó ń wó, ó tún ń dìde. Ariwo ẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò. Tíṣà dúró, ẹnu wọn là. Ẹni tó ti fi òkun na ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún, mo wá rí i pé àwọn náà, ọjọ́ kìíní wọn nìyẹn. Mo sún mọ́ etí wọn. Mo ní, "Sà, ṣé Òkun Ìbàdàn nìyí?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé ọ̀pá, wọ́n fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, wọ́n fi ọ̀pá sẹ́yìn, wọ́n fi agbára gbogbo jù ú. Ó lọ! Ó lọ jìnnà débi tí èmi náà fi pàtẹ́wọ́. Ohun tó fò lọ náà ní etí méjì. Fìlà abetí-ajá wọn ni. Ìwọ̀ ti kọ́ ọ lórí wọn, ó gbé e kọjá ìgbì kìíní, ó gbé e kọjá ìgbì kejì. Bí ẹ bá pàdé Olókun nínú ọdún yìí tó dé fìlà aṣọ òkè, ẹ bá wa kí i pé ó yẹ ẹ́.

Ìgbà tí wọ́n ká okùn padà, fìlà ò sí, ekòló kan ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá la ṣẹ ekòló yẹn. Ẹ̀dá tí wọ́n bí sí ẹrẹ̀ tútù lẹ́yìn balùwẹ̀ ní Èrúwà, a gbé e rin ìrìn àjò ọjọ́ kan, a sì wá rì í sínú omi iyọ̀. Ó ká kò bí okùn bàtà. Àmàlà ló kàn. Àmàlà ò dúró dé ìgbì kìíní, ó di ọbẹ̀. Wọ́n so ìlasa mọ́ ìwọ̀. Ibẹ̀ náà ni òjé já sómi, dẹ́rẹ́bà wa bá yọ púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà tó ti kú nínú àpò rẹ̀ pé òun rí i tí àwọn apẹja ń so ó mọ́ okùn dípò òjé. Òótọ́ ló sọ, wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹyọ púlọ́ọ̀gì kan ò tó. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tíṣà fún Tíṣà níbí. Ní etíkun wa yìí, láti apá Tógò títí dé Èkó, ìgbì kì í kọjú sí ilẹ̀ gbọnrangandan. Ó ń dágun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni, ó sì ń ti omi àti iyanrìn lọ sí apá ìlà-oòrùn lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912, iyanrìn tó ń kọjá lọ dúró sápá kan, òkun bá ń jẹ etíkun Bar Beach ní apá kejì. Ó jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ, kò sì yó. Òkun tó lè jẹ odidi etíkun, kí ni púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà já mọ́ lójú ẹ̀? Iwájú ni Tíṣà ju ìwọ̀ sí. Ìwọ̀ yí ọwọ́ òsì, ó forí lé ọ̀nà Èkó bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀. Oòrùn ti wọ̀, Tíṣà ti tan iná orí. Lójijì, ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. "Ó jẹ! Ó jẹ!" Tíṣà kígbe. Wọ́n fẹsẹ̀ tilẹ̀. Mo di ìdí wọn mú, dẹ́rẹ́bà di ìdí tèmi mú. À ń fà, ó ń fà wá. Iyanrìn ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nípa Òkun Ìbàdàn. Tíṣà ń pariwo orúkọ ọmọ wọn tó wà nílùú Ọba bí ẹni pé yóò gbọ́, wọ́n ní ẹja náà tó erin.

Iná orí wọn tàn sápá òsì, a rí àwọn èèyàn. Ó tó ọgbọ̀n ọkùnrin, àti àwọn ọmọdé, wọ́n tò sẹ́yìn okùn gígùn kan, wọ́n ń fà á, wọ́n ń kọrin ní èdè Ẹ̀gùn. Àwọ̀n ńlá ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi orí okùn kan sílẹ̀ létí omi, ọkọ̀ á gbé àwọ̀n yí po lórí òkun, á sì mú orí okùn kejì gúnlẹ̀ níwájú. Ọ̀wọ́ méjì á wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wákàtí lórí wákàtí, títí àpò àárín rẹ̀ á fi gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ti dúró ti abọ́ wọn, ẹni tó máa rà á, tó máa yan án. Ìwọ̀ Tíṣà ti lọ kọ́ okùn wọn. Ọgbọ̀n ọkùnrin àti odidi òkun Àtìláńtíìkì ni tíṣà fẹ̀yìntì kan láti Èrúwà ń bá jìjàdù.

Bàbá arúgbó tó ṣíwájú wọn rìn wá. Ó wo ọ̀pá, ó wo ẹ̀wù pupa, ó wo orí tí fìlà ti kúrò. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àwa lẹ mú."

Wọn ò jẹ wá níyà. Wọ́n kàn ní kí a dìde, kí a di okùn mú. Tíṣà fa okùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná orí wọn ń bẹ, ẹ̀wù pupa wọn ń bẹ, wọ́n tiẹ̀ ń gbe orin tí wọn ò gbọ́. Nígbà tí àpò àwọ̀n gúnlẹ̀, ọ̀rá omi àti ike pọ̀ nínú ẹ̀ ju ẹja lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá fa okùn gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀. Bàbá yẹn bu ẹja kéékèèké ìkúnwọ́ méjì fún Tíṣà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Tíṣà yọ rúlà.

Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń wọn ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 14. Sẹ̀ǹtímítà 11. Rúlà gan-an ò ju 30 lọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́, mo ní, "Sà, bass nìkan ni ọmọ yín sọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà." Wọ́n ní òfin ni òfin. Wọ́n dìde, wọ́n da gbogbo ẹ̀ padà sókun. Igbe tí àwọn Ẹ̀gùn ké lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Kútọnu. Àwọn ọmọdé ti kó sómi lẹ́yìn ẹja, wọ́n ń ṣa á padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá wa tú ìwọ̀ kúrò lára okùn, akàn kan ló lẹ̀ mọ́ ìlasa Ìgbò-Ọrà yẹn, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹyọ kan ni o, kì í ṣe ìbejì. Tíṣà ronú sí i. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò sọ nǹkan kan nípa akàn. Wọ́n gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

A sùn sí Àgbádárìgì, ọjọ́ kejì la wọ Èrúwà. Ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Láti ẹnu ọ̀nà ìlú ni wọ́n ti ń bèèrè: "Tíṣà, ẹja ń bákàn?" Ọlọ́kadà bèèrè. Ìyá aláfún bèèrè. Alága ẹgbẹ́ àwọn tíṣà fẹ̀yìntì dúró létí títì, ó bèèrè. Láti ayé bàbá-ńlá wa ni a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè yìí, mi ò sì rí ẹni tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dáhùn ẹ̀ rí. Tíṣà ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń ṣí ìdérí, àwọn èèyàn ń yọjú wò ó.

Màmá ti se oúnjẹ kalẹ̀. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a gbéra ni wọ́n ti ra òkú Èkó wọn ní Òkè-Ọba. Àmàlà ń yọ èéfín, ẹja ńlá méjì na tàntàn lórí ọbẹ̀. Tíṣà jókòó, wọ́n wẹwọ́, wọ́n wo ẹja yẹn títí. Wọ́n na ọwọ́ sí àpò, wọ́n yọ rúlà.

"Ìyá ọmọ, èyí ò tó o. Ó yẹ ká dá a padà."

Màmá ò gbójú sókè. "Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ dá owó tí mo fi rà á padà."

Akàn ń ha bọ́kẹ́ẹ̀tì ní igun ilé. Tíṣà ti rúlà bọ àpò, wọ́n fa abọ́ mọ́ra, wọ́n sì bu òkèlè.